Ẹ jẹ́ ká gbin igi sórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ yá wa

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìfaradà. Ìgbà tí mo ṣì wà l'Ékòó ni mo ti ń ra ìwé ìròyìn yín, inú bọ́ọ̀sì lórí Third Mainland ni mo ti máa ń kà á, mi ò sì kọ lẹ́tà sí yín rí. Àmọ́ bàbá kan kọ̀wé sí yín lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn ọ̀dọ́ tó ń fiṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ tí wọ́n ń lọ sóko, kì í pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi ń padà sígboro, pé ọ̀lẹ ni wọ́n, oòrùn ló lé wọn. Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ọmọ yín ni mí. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ń padà, lára àwa mẹ́jọ tá a jọ lọ sóko gan-an, méjì ti padà. Àmọ́ ohun tí mo fojú ara mi rí tó ń lé èèyàn lóko, àdéhùn ilẹ̀ ni, òun ni mo sì fẹ́ kí gbogbo olórí ẹbí tó nílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ bá mi gbọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni ìyá mi, Ìṣarà ni bàbá mi. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ báńkì. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ń jí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ń wọlé, tágẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń lé wa kiri, iye owó tó o gbọ́dọ̀ wá wọlé kí oṣù tó parí, tó o bá wá a tán wọ́n á tún fi kún un. Mi ò ní bú iṣẹ́ yẹn, òun ni mo fi kan páànù sórí ilé ìyá mi, òun ni mo fi rán àbúrò mi méjì níléèwé. Àmọ́ ọdún kan tí mo wálé fún Iléyá, lọ́jọ́ kejì Ojúde Ọba, mo bá màámi lọ sóko, oko tó bọ́ àwa mẹ́fà dàgbà, màámi fa ẹ̀gẹ́ kan tu, èyí tó wà nídìí ẹ̀ ò ju àtàǹpàkò mi lọ. Màámi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbọn yẹ̀pẹ̀ ara ẹ̀ nù, wọ́n jù ú sínú agbọ̀n, wọ́n tún fa òmíì. Yẹ̀pẹ̀ yẹn funfun bí iyanrìn etí òkun, mo fọwọ́ tú u, mi ò rí ẹ̀kòló kan ṣoṣo. Mo padà s'Ékòó, mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, yẹ̀pẹ̀ yẹn ò kúrò lójú mi. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Mi ò gba oko lọ tààrà o. Owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ mi, mo ní kí n kọ́kọ́ rìn, kí n lọ wo báwọn ẹlòmíì ṣe ń ṣe é. Mo gba Ṣẹ̀mẹ̀ kọjá sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, mo lọ sí Songhai, oko ńlá kan tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ àgbẹ̀. Fadá Godfrey Nzamujo ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní 1985, ọmọ Nàìjíríà wa níbí ni wọ́n. Yunifásítì ní Califóníà ni wọ́n ti ń kọ́ni l'Amẹ́ríkà, ìyàn tó ń pa èèyàn nílẹ̀ Áfíríkà nígbà yẹn ló mú wọn fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ tí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Kò sí nǹkan tí wọ́n ń dà nù níbẹ̀. Ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì tí wọ́n fi ń dáná, pàǹtí ń bí ìdin, ẹja ń jẹ ìdin, omi tí ẹja ti lò ń lọ sídìí ẹ̀fọ́, ẹ̀fọ́ tó bá gbó ń padà sọ́dọ̀ ẹran. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo lò, kíkó ìgbẹ́ adìyẹ ni mo fi èyí tó pọ̀ jù ṣe níbẹ̀, ara mi sì yá gágá.

Lẹ́yìn ìyẹn mo gòkè lọ sí Kétu àti Sábẹ, ní ilẹ̀ Benin níbẹ̀ náà. Yorùbá bíi tiwa ni wọ́n ń sọ, ẹnu ibodè àwọn òyìnbó ló kàn pín wa. Ìyá kan ní Kétu gbà mí sílé fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, wọn ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, àfi pé tílẹ̀ bá ti mọ́ ká jọ máa lọ sóko. Ìyá yẹn ló fi ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní mucuna hàn mí. Ìbátan wèrèpè ni, àmọ́ irú èyí tí wọ́n ń gbìn kì í yúnni. Wọn kì í gbìn ín fún jíjẹ o, ẹ má lọ sè é. Ilẹ̀ ni wọ́n ń gbìn ín fún. Ó máa ń fà bo gbogbo ilẹ̀, ó máa bo koríko tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kan mọ́lẹ̀ títí ẹ̀kan á fi kú, ewé ẹ̀ á jẹrà síbẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀ á sì máa fún ilẹ̀ ní irú oúnjẹ tí a ń ra ajílẹ̀ oníyọ̀ olówó gọbọi nítorí ẹ̀. Ìyá náà ní láti ọjọ́ táwọn ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀kan ò lé àwọn kúrò lórí ilẹ̀ mọ́. Igo ọtí kan tó kún fún èso mucuna ni mo gbé bọ̀ nílé.

Àwa mẹ́jọ la jọ bẹ̀rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó. Nọ́ọ̀sì kan, tísà méjì, ẹnìkan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tọkọtaya kan tó wá láti Ṣàgámù, aránṣọ kan, àtèmi. Agbo ilé kan la yá, ìdáná kan la ń lò, a máa ń pín oúnjẹ sísè àti omi pípọn láàárín ara wa. Nǹkan tí mo rò pé á le ò le, èyí tí mi ò kà sí ló le. Ọ̀rọ̀ owó ò dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa rí, nítorí gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé la ń ka owó alájẹṣẹ́kù wa lójú gbogbo èèyàn. Àmọ́ ta ló gbàgbé láti pọnmi, ta ló jí pẹ́, ọ̀rọ̀ ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa ká lọ́dún àkọ́kọ́. Àáró ló kó wa jọ padà. Bàbá àgbà kan lábúlé ló bá wa dá sí i, wọ́n ní ṣé ẹ̀yin ò mọ báwọn bàbá yín ṣe ń ṣe é ni, ẹ lọ sí oko ẹni kan lónìí, ẹ lọ sí oko ẹlòmíì lọ́la, ẹni tí ò bá wá síbi tẹlòmíì, wọn ò ní wá síbi tiẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn la ti pín oko sí ìpín mẹ́jọ, tá a sì ń fi àáró ro ó. Tí iṣẹ́ bá wá pọ̀ ju agbára wa lọ, a máa ń bẹ ọ̀wẹ̀, a ó se ìkọ́kọrẹ́ ìkòkò ńlá, àwọn ará abúlé á wá tìlù tìfọn. Mi ò tíì rí iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ láyé mi.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ilẹ̀ náà. Éékà mẹ́ta ni wọ́n yá wa, ọdún méjì ni wọ́n kọ sí i, ilẹ̀ tó ti ṣá pátápátá, ẹ̀kan ló bò ó. Bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe ni kí wọ́n fọ́n oògùn sí i, kí wọ́n tiná bọ̀ ọ́, kí wọ́n kọ ebè. A ò sun ún. A gé ẹ̀kan náà, a tẹ́ ẹ sílẹ̀ níbẹ̀, a gbin mucuna sí apá kan, a gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sí apá kejì. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe gaari, òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀ tó ń rùn, tí wọ́n máa ń dáná sun, a bẹ àwọn ìyá tó ń ṣe gaari kí wọ́n jẹ́ ká máa kó o, wọ́n ní ṣé orí wa pé, àmọ́ wọ́n fún wa. A da á pọ̀ mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ, a ń yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta ó dúdú kirikiri, òórùn ẹ̀ wá dà bí òórùn igbó lẹ́yìn òjò.

Ọdún àkọ́kọ́ ò dáa. Àwọn kòkòrò tó ń jẹ ọkàn àgbàdo, àwọn tó ya wọ Nàìjíríà lọ́dún 2016 yẹn, wọ́n jẹ ìdajì àgbàdo wa kí a tó mọ̀ pé ó yẹ ká ti máa bu eérú sọ́kàn ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún kejì, lẹ́yìn òjò oṣù kẹrin, tọkọtaya Ṣàgámù yẹn ké sí wa láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ká máa bọ̀. Ìgbẹ́ ẹ̀kòló ni wọ́n rí, ó wà káàkiri ilẹ̀ wínníwínní. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bu yẹ̀pẹ̀ yẹn, mo fún un mọ́wọ́, kò tú ká mọ́, ó dì mọ́ra. Mo sunkún níbẹ̀, ojú ò tì mí láti sọ ọ́.

Ọdún méjì pé. Àwọn tó nilẹ̀ wá wo oko, wọ́n rí i pé ilẹ̀ ti dúdú, wọ́n ní ẹlòmíì ti fi owó tó ju tiwa lọ lọ̀ wọ́n. A bẹ̀bẹ̀ títí, a ní a ó san án, wọ́n ní àwọn ti gbàdéhùn. Ẹni tó gbà á fọ́n oògùn apakoríko sí i kó tó pé oṣù kan, ó sì tiná bọ̀ ọ́. Láti ìloro wa la ti ń wo èéfín ẹ̀. Nọ́ọ̀sì yẹn kó ẹrù ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, ó padà s'Ékòó, ọ̀kan nínú àwọn tísà náà tẹ̀ lé e. Bàbá tẹ́ ẹ kọ̀wé, àwọn tẹ́ ẹ pè ní ọ̀lẹ nìyẹn.

Ọdún kan tàbí méjì ni wọ́n sábà máa ń yá àjèjì tàbí ọ̀dọ́ nílẹ̀ lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ti lò ní ìlòkulò fún ogún ọdún ò lè bọ̀ sípò láàárín ọdún méjì. Ta ló máa tọ́jú ilẹ̀ tí wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀? Yóò lo gbogbo ohun tó bá lè fà jáde nínú ẹ̀ kíá, kó tó kúrò. Bàbá kan wà ní Burkina Faso, Yacouba Sawadogo, wọ́n kú lópin 2023. Ilẹ̀ gbígbẹ tó le bí àpáta ni wọ́n gbẹ́ kòtò kéékèèké sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń da ìgbẹ́ ẹran sí i kí òjò tó dé, ilẹ̀ yẹn di igbó ńlá, ọ̀pọ̀ ọdún ló gbà wọ́n, ayé sì yẹ́ wọn sí, wọ́n gba ẹ̀bùn Right Livelihood ní 2018. Síbẹ̀, nígbà tí ìlú Ouahigouya fẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ igbó náà, ńṣe ni wọ́n gé lára ẹ̀ fún ilé kíkọ́. Ẹ wá wo ọmọ Jàpáánù kan tó ń jẹ́ Masanobu Fukuoka, iṣẹ́ àyẹ̀wò irúgbìn nílé aṣọ́bodè Yokohama ló fi sílẹ̀ tó padà sóko bàbá ẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ó fi igi ọsàn bàbá ẹ̀ sílẹ̀ láì tọ́jú, ọ̀pọ̀ kú. Oko bàbá ẹ̀ ni, ó ráàyè padà sórí ẹ̀, ó kọ́gbọ́n lára àṣìṣe yẹn, ó sì di ẹni tí gbogbo ayé ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀.

Èyí tó tún ká mi lára jù ni ọ̀rọ̀ igi. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, àṣà wa ni pé ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin àgbàdo, kò gbọ́dọ̀ gbin obì, kò gbọ́dọ̀ gbin kòkó tàbí ọ̀pẹ. Ìdí ẹ̀ yé mi, mi ò ní purọ́ mọ́ àwọn àgbà. Ẹni tó bá gbin obì sílẹ̀, lọ́jọ́ iwájú àwọn ọmọ ẹ̀ á ní bàbá àwọn ló nilẹ̀, ẹjọ́ ẹ̀ ti jẹ owó ìdílé púpọ̀ níbí yìí. Àmọ́ ilẹ̀ tí kò sí igi lórí ẹ̀, oòrùn ní í sè é, àgbàrá ní í kó ọ̀rá ẹ̀ lọ. Gbòǹgbò igi ń wa oúnjẹ láti ìsàlẹ̀ tí gbòǹgbò àgbàdo ò lè dé, ó ń fi ewé ẹ̀ gbé e wá sókè. Ìdí tí àwọn onímọ̀ IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà n'Íbàdàn, fi ṣèwádìí gbígbin agúnmániyè ní ìlà ìlà sáàárín àgbàdo nìyẹn, wọ́n ń gé ẹ̀ka ẹ̀, wọ́n ń tẹ́ ewé ẹ̀ sí ilẹ̀. Agúnmániyè tí a fi ń ṣe ọgbà, tí a fi ń ti iṣu. Ta ló máa gba ilẹ̀ onílẹ̀ nítorí agúnmániyè?

Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé. Kí a kọ ọ́ pé gbogbo igi tí a bá gbìn, ti ẹbí ni, kì í ṣe tiwa, kí lọ́yà buwọ́ lù ú, kí olórítún ṣe ẹlẹ́rìí. Kí a kọ ọdún mẹ́wàá. Kí owó ilẹ̀ máa gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ilẹ̀ ṣe ń sàn sí i, kí onílẹ̀ má baà sọ pé a rẹ́ òun jẹ. Tí a bá sì lo ilẹ̀ nílòkulò, tí a sun ún, tí a dá oògùn bò ó, kí wọ́n gbà á. Nígbà ayé ìjọba ẹgbẹ́ òṣèlú Awólọ́wọ̀, láti nǹkan bí 1960, wọ́n dá ibùdó àgbẹ̀ sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ní Agọ́-Ìwòyè, ní Ìbíadé, wọ́n fún àwọn ọ̀dọ́ nílé, wọ́n fún wọn nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sá kúrò nítorí owó tó ń wọlé ò tó, mo mọ̀, àmọ́ ìjọba yẹn mọ̀ pé èèyàn ò lè fi ilẹ̀ ọlọ́dún kan kọ́ ayé ẹ̀.

Àwa tó kù, a jẹ́ mẹ́fà. Ilẹ̀ ìdílé ìyá mi la ń tọrọ báyìí, ní Ìjẹ̀bú ọmọ obìnrin náà ní ìpín nínú ilẹ̀ ẹbí ìyá ẹ̀, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá olórí ẹbí ní ká wá lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Igo mucuna ìyá Kétu ṣì kù díẹ̀, ìwé náà sì wà nínú àpò mi, a ti kọ ọdún mẹ́wàá síbẹ̀, a kọ igi síbẹ̀, a sì fi ààyè sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ọwọ́ bàbá.

Èmi ni tiyín,
Àgbẹ̀bìnrin kan, lẹ́yìn Ìjẹ̀bú-Igbó