Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ nípa Captain Brown

Ìbàdàn.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù Manchester, mo sì kí bàbá àwọn ọmọ. Láti ìgbà tí o ti sọ fún mi pé ilé òǹkọ̀wé Elizabeth Gaskell ní Plymouth Grove kò jìnnà sí yín ni mo ti ń ka ìtàn rẹ̀ tí ó ń jẹ́ Cranford, mo sì ti wo eré tí BBC fi ṣe ní ọdún 2007, apá márààrún. Ọ̀rọ̀ Captain Brown, ọ̀gá ọmọ ogun kan nínú ìtàn náà, ni kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi, òun ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ.

Ìtàn kúkúrú kan ṣoṣo ni Gaskell ní lọ́kàn nígbà tí Charles Dickens, òǹkọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀, tẹ apá àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 1851. Nítorí pé kò rò pé òun yóò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó jẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin pa Captain Brown níbi tí ó ti ń gba ọmọ kékeré kan là, àṣé yóò ṣì máa kọ ìtàn náà lọ títí di ọdún 1853. Ní ọdún 1865, ọdún tí òun fúnra rẹ̀ kú, ó kọ̀wé sí òǹkọ̀wé John Ruskin pé kò wu òun rárá láti pa ọkùnrin náà.

Heidi Thomas, tí ó kọ eré náà, dá Captain Brown sí. Ó mú ìtàn Gaskell méjì mìíràn, Mr Harrison's Confessions àti My Lady Ludlow, ó sì rán wọn mọ́ Cranford bí a ti ń rán òfì mọ́ra. Inú mi kọ́kọ́ dùn pé ọkùnrin náà kò kú, àfi ìgbà tí mo padà sínú ìwé. Miss Deborah Jenkyns, àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ òfin láàárín àwọn obìnrin ìlú, ti bá Captain Brown jiyàn lórí èwo nínú Dickens àti Dr Johnson, òǹkọ̀wé ìgbà àtijọ́, ni ó mọ ìwé kọ jù, kò sì tí ì gbàgbé rẹ̀ tí ikú ọkùnrin náà fi dé. Ó ní kí wọ́n ra aṣọ dúdú ọ̀pá kan wá, ó jókòó, ó ń rán an mọ́ fìlà rẹ̀, nígbà tí ó sì dé e tán, ó dà bí akoto ọmọ ogun. Ó ní kò yẹ kí Jessie, ọmọ Captain Brown, dá nìkan tẹ̀lé pósí bàbá rẹ̀. Nínú eré, pósí ẹ̀gbọ́n Jessie ni wọ́n jọ tẹ̀lé. Eileen Atkins, tí ó ṣe Miss Deborah, ṣe é débi pé omi bọ́ lójú mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹni tí ó bá jiyàn ni ó ń sin níbẹ̀.

Ti ọsàn nìkan ni eré náà kò fi ohunkóhun dù wá. Miss Deborah kò fẹ́ kí a mu ọsàn lójú ènìyàn, nítorí ó jọ ọmọ ọwọ́ tí ń mu ọmú (àwa náà kúkú ń fi “mu” pe méjèèjì), nítorí náà oníkálukú á mú ọsàn tirẹ̀ wọ yàrá lọ láìsọ̀rọ̀. Rántí bí a ṣe ń mu tiwa ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ìyá àgbà, tí omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá.

Jọ̀wọ́, lọ sí ilé náà fún mi. Láti ọdún 1850 ni Gaskell ti ń gbé ibẹ̀, kí Cranford tó bẹ̀rẹ̀. Kọ̀wé sí mi bí yàrá ìjẹun rẹ̀ ti rí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Àṣàkẹ́