Òrùka Rèbékà: imú ni àbí etí?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Àríyànjiyàn lórí òrùka wúrà tí ìránṣẹ́ Ábúráhámù fún Rèbékà kì í tán láàárín àwa tí a ń ka Bíbélì. Àwọn kan ní yẹtí ni, àwọn kan ní òrùka imú ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí jáde, torí pé inú orí kan náà tí wọ́n ń jà lé lórí ni ìdáhùn wà.

Nezem ni Hébérù pè é. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: nun, zayin àti mem. Tó bá ju ẹyọ kan lọ, a di nezamim. Òrùka tí wọ́n ń fi sí imú tàbí sí etí ni, ọ̀rọ̀ náà nìkan kì í sì í sọ èwo nínú méjèèjì. Ohun tó bá wà nítòsí rẹ̀ nínú ẹsẹ ló ń sọ ọ́: af ni imú, ozen ni etí.

Ní Jẹ́nẹ́sísì 24:22, ọkùnrin náà mú nezem jáde. A ò gbọ́ ibi tó fi í sí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa Bíbélì dé. Ní ẹsẹ 47, nígbà tó ń ròyìn fún àwọn ará ilé ọmọbìnrin náà, òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun fi í sí af rẹ̀. Imú nìyẹn. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ọdún 1611 wà lára ohun tó da ọ̀rọ̀ yìí rú, nítorí ó pè é ní yẹtí, ó sì tún ní ojú ni wọ́n fi í sí. Lóòótọ́, appayim, tó bá af tan, lè jẹ́ ojú, ṣùgbọ́n af lásán ló wà níhìn-ín.

Ìwọ̀n rẹ̀ náà kò tako imú. Beka kan ni, Ẹ́kísódù 38:26 sì ṣàlàyé pé ìdajì ṣékélì ni beka. Àwọn òkúta ìwọ̀n tí wọ́n wú jáde nílẹ̀ Júdà fi hàn pé ṣékélì kan lé díẹ̀ ní gíráàmù 11, nítorí náà òrùka náà kò tó gíráàmù 6. Àwọn ẹ̀gbà ọwọ́ méjèèjì tó bá a rìn ló wúwo: ṣékélì 10, ó lé ní gíráàmù 110.

Ẹ wá wo Ẹ́kísódù 32:2. Nezem ni Árónì gbà láti fi ṣe ère ọmọ màlúù, ṣùgbọ́n ozen ló tẹ̀ lé e: etí àwọn aya, àwọn ọmọkùnrin àti àwọn ọmọbìnrin. Yẹtí ni tibẹ̀, àwọn ọmọkùnrin pàápàá ń lò ó. Ẹsẹ tí mo fẹ́ràn jù ni Ìsíkíẹ́lì 16:12, torí ó kó méjèèjì pọ̀: nezem fún imú, agil fún etí. Ní Aísáyà 3:21, ẹ má ṣe da nezem pọ̀ mọ́ tabbaat tó ṣáájú rẹ̀. Òrùka ọwọ́ nìyẹn, irú èyí tí Fáráò bọ́ fún Jósẹ́fù láti fi lu òǹtẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí èèyàn wá nọ́ńbà ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé atọ́ka tó fún ọ̀rọ̀ Bíbélì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà (5141 ni nínú ti Strong), kó mú ìtumọ̀ kan ṣoṣo, kó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ẹsẹ. Ẹ wá af tàbí ozen nínú ẹsẹ náà. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ ka orí náà parí. Níbi tí kò bá ti sí rárá, bíi Jóòbù 42:11, "òrùka wúrà" ti tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Gídíónì nínú Onídàájọ́ 8, níbi tí nezem àwọn ará Íṣímáẹ́lì ti wọn ṣékélì 1,700, nǹkan bíi kílò 19. Ẹni tó bá sì ń wá a nínú Hósíà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé 2:13 tiwa ni 2:15 nínú ti Hébérù.

Mo tún rí i pé àwọn kan ń fi Jẹ́nẹ́sísì 35:4 dá gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ lẹ́bi, torí pé Jákọ́bù ri nezem etí àwọn ará ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ igi ní Ṣékémù, pọ̀ mọ́ àwọn ọlọ́run àjèjì. Ọ̀rọ̀ náà kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Nezem wà lára ohun tí tọkùnrin tobìnrin mú wá fún iṣẹ́ àgọ́ Olúwa nínú Ẹ́kísódù 35:22, àti nínú Ìsíkíẹ́lì tí mo mẹ́nu bà lókè, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní òun fi í sí imú Jerúsálẹ́mù.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín