Kì í ṣe ilé ẹjọ́ ló dá Strafford lẹ́bi

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ Thomas Wentworth, Earl of Strafford, ìjòyè Ọba Charles Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bá jáde, ohun tí a máa ń kà ni pé ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi ìdìtẹ̀ mọ́ ọba. Òótọ́ ni pé wọ́n bẹ́ ẹ lórí ní Tower Hill, Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún ọdún 1641. Àmọ́ kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó dá a lẹ́bi.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ko ọba ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1627, wọ́n tì í mọ́lé torí pé ó kọ̀ láti san owó tí Ọba Charles Kìíní ń fipá yá lọ́wọ́ ará ìlú. Nígbà tó fi máa di òpin ọdún 1628, ọba ti fi í joyè, ó sì ti fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gúnlẹ̀ sí Dublin lọ́dún 1633 gẹ́gẹ́ bí ajẹ́lẹ̀ ọba ní Ireland. Owó ibodè ń wọlé dáadáa lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ le. Ó fẹ́ gba ilẹ̀ onílẹ̀ ní Connacht, ní ìwọ̀-oòrùn Ireland, ó sì mú kí ìgbìmọ̀ ológun dájọ́ ikú fún Lord Mountnorris, ìjòyè kan níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò pa á.

Ìgbẹ́jọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Westminster Hall ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1641, pẹ̀lú ẹ̀sùn 28. Àwọn aṣojú ará ìlú ní ilé Commons ni olùpẹ̀jọ́, àwọn ọlọ́lá ilé Lords sì ni adájọ́. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ ti há. Òfin ọdún 1352 ka ohun tó jẹ́ ìdìtẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló sì dá lórí ọba fúnra rẹ̀. Ọba yìí kan náà ni Strafford ń sìn! John Pym, aṣáájú ní ilé Commons, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní bí a bá to gbogbo ìwà ìnilára Strafford pọ̀, yóò di ìdìtẹ̀. Strafford dá wọn lóhùn pé bí ẹyọ kan nínú wọn kò bá jẹ́ ìdìtẹ̀, àkópọ̀ wọn náà kò lè jẹ́ ẹ.

Ẹ̀sùn tó wúwo jù ni pé ó sọ fún ọba pé kó lo ọmọ ogun Ireland láti fi tẹ "ìjọba yìí" lórí ba. Ṣé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń wí ni, àbí Scotland tó ń bá ọba jà nígbà náà? Òfin béèrè ẹlẹ́rìí méjì. Sir Henry Vane, ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ ọba, nìkan ló jẹ́rìí sí i. Àwọn yòókù nínú ìgbìmọ̀ náà ní àwọn ò rántí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilé Commons rí i pé ẹjọ́ náà fẹ́ bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n yí ọ̀nà padà, wọ́n gbé àbádòfin kalẹ̀ pé kí wọ́n pa á. Àbádòfin kò nílò ẹlẹ́rìí, ìbò ló nílò. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹrin, 204 dìbò fún un, 59 kọ̀ ọ́, wọ́n sì lẹ orúkọ àwọn tó kọ̀ ọ́ mọ́ ìta gbangba. Ọba kọ lẹ́tà ṣèlérí fún Strafford pé ẹ̀mí rẹ̀ kò ní lọ sí i. Strafford fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé padà pé òun tú ọba sílẹ̀ nínú ìlérí náà. Ilé Lords fọwọ́ sí àbádòfin náà, ọba náà sì gbà ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún.

Àwọn tó ṣe òfin náà fi gbólóhùn kan sínú rẹ̀ pé adájọ́ kankan kò gbọdọ̀ tìtorí rẹ̀ ka ohun tí kì í ṣe ìdìtẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí ìdìtẹ̀. Lọ́dún 1662, Pálíámẹ́ǹtì wọ́gi lé òfin náà. Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, nígbà mìíràn, ẹ kọ ọ́ pé òfin tí wọ́n ṣe nítorí òun nìkan ni wọ́n fi pa á.