Àhámọ́ tuntun kọ́ ni yóò dín ajá ìgboro kù

Olóòtú,

Nígbàkígbà tí ilé ìtọ́jú ajá àti ológbò bá kún, igbe tí a máa ń gbọ́ ni pé kí ìjọba kọ́ òmíràn. Àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìtọ́jú ẹranko kò bá wọn ké e. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ fi gbọn omi.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Bí ẹranko 10 bá ń wọlé lójúmọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lo ọjọ́ 30 kó tó rí ẹni mú un lọ, àhámọ́ 300 ni wọn yóò nílò. Bí wọ́n bá dín in kù sí ọjọ́ 15, àhámọ́ 150 ti tó, láì to búlọ́ọ̀kù kan lé èkejì.

Kí ló ń jẹ ọjọ́ wọ̀nyẹn? Ìdúró lásán ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ajá dé lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì nìkan ni dókítà ń ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́, Ẹtì ọ̀sẹ̀ yìí sì ti kún. Ọjọ́ tó dé gan-an ló yẹ kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún un, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo ọrùn rẹ̀ bóyá ṣípù kékeré wà lábẹ́ awọ, èyí tí nọ́ńbà inú rẹ̀ ń tọ́ka sí orúkọ àti fóònù ẹni tó ni ín nínú àkọsílẹ̀. (Bí ẹni náà bá ti pààrọ̀ fóònù tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, òfo ni nọ́ńbà yẹn.) Ẹnu géètì ni abẹ́rẹ́ àjẹsára ti yẹ kó wọlé sí i lára, kì í ṣe lọ́jọ́ kẹta. Kòkòrò parvo tó ń mú ọmọ ajá ṣu ẹ̀jẹ̀ lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bílíìṣì ìwọ̀n 1 sí omi ìwọ̀n 32, kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ló ń pa á. Ṣùgbọ́n ọṣẹ ló ń ṣáájú, nítorí bílíìṣì tí a dà lé ìgbẹ́ kò lágbára mọ́. Mọ́ọ̀pù kan tí wọ́n fà láti yàrá aláìsàn dé yàrá ọmọ ajá ti tó láti sọ gbogbo ilé di aláìsàn.

Ìta géètì ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù wà. Ológbò lè lóyún ní oṣù mẹ́rin, oyún rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọjọ́ 65 lọ, ó sì lè gba òmíràn nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́nu ọmú. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ “ẹ jẹ́ kó bí lẹ́ẹ̀kan ná” fi ń bí wa nínú. Kò ṣe abo ní àǹfààní kankan. Ọmọ ológbò tó pé oṣù méjì, tó wọn kílò kan, tí ara rẹ̀ dá, ti tó iṣẹ́ abẹ.

Abo ni kí owó kọ́kọ́ lọ bá. Bí a bá tẹ akọ mẹ́sàn-án lọ́dàá nínú mẹ́wàá, ọ̀kan tó kù á gun gbogbo abo àdúgbò. Àní, akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá lónìí ṣì lè fún abo lóyún fún nǹkan bí oṣù kan.

Ológbò ìgboro ní tirẹ̀, ẹ má fún un lóúnjẹ fún ọjọ́ kan kó lè wọ pàkúté. Bí ilẹ̀kùn bá ti pa dé, ẹ fi aṣọ bò ó kíá, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò fi imú gbá wáyà títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde. Nígbà tó bá ń sùn lórí tábìlì, kí dókítà gé ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà kan gẹ́gẹ́ bí àmì pé ó ti ṣiṣẹ́ abẹ, kí ẹnikẹ́ni má tún la ikùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ibi tí wọ́n ti mú un ni kí wọ́n dá a padà sí. Kí wọ́n sì parí àdúgbò kan kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn. Mẹ́wàá níbí, mẹ́wàá lọ́hùn-ún, ìbímọ á lé wọn bá.

Ní ti májèlé tí àwọn kan fi ń pa ajá ìgboro, ààtàn tó ń bọ́ wọn ṣì wà níbẹ̀, àwọn mìíràn á wá gbapò. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sì ń fẹ́ kí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ajá gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi; májèlé kì í bi ajá bóyá ó ti gbà á.

Kí ìjọba tó kọ́lé, kí ilé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan máa lẹ ìwé síta lóṣooṣù: mélòó ló wọlé, mélòó ló jáde, ọjọ́ mélòó ni wọ́n lò.

Àwa òṣìṣẹ́ ìtọ́jú ẹranko