Ìpàdé Sátidé lórí iṣẹ́ pharmacy technician

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Kubwa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ wa tó fẹ́ ṣe pharmacy technician, ìyẹn olùrànlọ́wọ́ apoògùn, máa pàdé ní Sátidé yìí, aago 4 ìrọ̀lẹ́, ní gbọ̀ngàn wa. Kí wọ́n mú èsì WAEC tàbí NECO dání.

Ọdún 3 ni ẹ̀kọ́ náà. Àmọ́ kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ wádìí bóyá Pharmacy Council of Nigeria, àjọ ìjọba tó ń bójú tó iṣẹ́ apoògùn, fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ọ̀hún. Kéèyàn ti pẹ́ nídìí oògùn títà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ẹni kò sọ ọ́ di technician, ẹ má bínú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu iṣẹ́, ọdọọdún là ń sọ ìwé àṣẹ dọ̀tun. Ẹ mú tiyín wá ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ fi orúkọ ránṣẹ́ sí akọ̀wé kó tó di alẹ́ Ọjọ́bọ̀.