Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, kí o tó fọwọ́ sí ìwé ilé yẹn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà lánàá, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó lè jókòó. Kú oríire o, ọ̀rẹ́ mi. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀kan ní England, ọ̀kan ní Jámánì, ọ̀kan ní Ontario lọ́hùn-ún ní Kánádà! Gbogbo òru tí o fi ń kàwé nígbà tí àwa yòókù ti ń sùn, kò já sí asán. Bá mi kí Màmá, sọ fún wọn pé mo bá wọn yọ̀ gidigidi.

O ní kí n ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń ríṣẹ́ ṣe mọ́ ẹ̀kọ́, bí wọ́n ṣe ń rílé gbà, àti ibi tí èèyàn lè sá sí bí nǹkan bá le. Iṣẹ́ lo fi ṣáájú, ó sì yé mi, torí ọ̀rọ̀ owó ló ń ká ọ lára. Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ilé. Ilé ni mo ti kọ́kọ́ ṣàṣìṣe, àṣìṣe yẹn ló sì bí gbogbo ìyókù.

N kò sọ bí ọdún àkọ́kọ́ mi ṣe rí fún ẹnikẹ́ni nílé. Ìwọ ni mo máa kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Yàrá tí mo gbà, torí pé owó rẹ̀ kéré ju ti gbogbo èyí tí mo rí lọ ni mo ṣe gbà á. Bọ́ọ̀sì méjì ni mo máa ń wọ̀ kí n tó dé kíláàsì. Wákàtí mẹ́ta ló ń lọ sójú ọ̀nà lójoojúmọ́, owó ọkọ̀ sì jẹ gbogbo ohun tí mo rò pé mo ti rí fi pamọ́ lára owó ilé. Nígbà tí ọwọ́ mi wá ń gbẹ, mo gba iṣẹ́ òru ní ilé ìkẹ́rùsí kan, òru mẹ́ta lọ́sẹ̀, wákàtí mẹ́fà ní òru kọ̀ọ̀kan. Kò ju iye tí òfin fún mi láyè lọ, ṣùgbọ́n ara kì í ka wákàtí òru bí ó ṣe ń ka ti ọ̀sán. Láti ibi iṣẹ́ ni mo ti máa ń lọ sí kíláàsì tààrà. Nígbà tí sáà kejì parí, mo fìdí rẹmi nínú kọ́ọ̀sì kan, díẹ̀ ló sì kù kí n fìdí rẹmi nínú òmíràn.

Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé ló gbà mí. Ẹ̀ẹ̀kẹta tí wọ́n bá mi níbi tí mo ti sùn lórí ìwé, wọn ò bá mi wí. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n ní, “Ṣé o ti dé ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́?” Mo ní n kò dé ibẹ̀ rí. Mo rò pé ẹni tó bá ṣẹ̀ ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí níbẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló mú mi lọ. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ ní owó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ìṣòro bá dé bá lójijì, pé wọ́n lè bá mi wá yàrá nínú ọgbà, àti pé ilé ìkàwé náà gan-an ń wá ẹni tí yóò máa to ìwé, wákàtí 12 lọ́sẹ̀, lójú ọ̀sán, tí wọ́n sì máa dín in kù nígbà ìdánwò. Gbogbo rẹ̀ ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, Àbẹ̀kẹ́. Oṣù méje ni mo fi jìyà ohun tí ìbéèrè kan ì bá ti yanjú.

Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ìdí tí lẹ́tà yìí fi máa gùn nìyẹn, fara dà á fún mi.

Bí o bá rí yàrá kan, má wo owó ilé nìkan. Ro owó iná, owó omi, owó íntánẹ́ẹ̀tì, owó tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù àti owó ọkọ̀ mọ́ ọn, kí o tó fi wé ti yàrá tó sún mọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Béèrè èyí tó wà nínú owó ilé àti èyí tí ìwọ yóò máa san lọ́tọ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́, bí o bá lè rí ilé tí wọ́n kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́, gbà á, ìbáà tilẹ̀ wọ́n díẹ̀ ju ti ìta lọ. Ọjọ́ tí o bá ti gba ibi kan ni kí o ti forúkọ sílẹ̀ fún ilé. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Studierendenwerk ló ní ọ̀pọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni òun, ọ̀tọ̀ ni fásitì. Bí fásitì bá gbà ọ́, kò túmọ̀ sí pé o ti rílé. Ìwọ lo máa kọ̀wé sí wọn fúnra rẹ, àwọn tó ń dúró de yàrá níbẹ̀ sì máa ń pọ̀.

Ẹ̀rù gbájúẹ̀ ló ń bà mí jù nípa tìrẹ, torí pé láti òkèèrè ni o ti máa wálé. Bákan náà ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é ní gbogbo ibi. Wọ́n á gbé àwòrán yàrá dáradára síta, owó rẹ̀ á kéré ju ti àwọn ilé tó yí i ká lọ. Onílé á ní òun wà lẹ́yìn odi, òun ò lè fi ilé hàn ọ́, pé kí o sanwó, òun á fi kọ́kọ́rọ́ ránṣẹ́. Á tún ní àwọn márùn-ún mìíràn ti ń dúró, kí o tètè san án lónìí. Bí o bá ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, sá. Fi àwòrán yẹn wádìí lórí Google, ó ṣeé ṣe kí o bá a lórí ilé mìíràn ní ìlú mìíràn. Má sanwó fún yàrá tí ìwọ, tàbí ẹni tí o fọkàn tán, kò tíì wọ inú rẹ̀. Ó sàn kí o gba ibi tí o máa sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, kí o fi ẹsẹ̀ ara rẹ wálé, ju kí o fi owó Màmá ránṣẹ́ sí ẹni tí o kò mọ̀.

Nígbà tí o bá lọ wo ilé, lọ lálẹ́ pẹ̀lú. Ojú ọ̀nà tó dùn ún rìn lọ́sàn-án lè máà ní iná kankan lálẹ́. Ṣí ẹ̀rọ omi, ti ilẹ̀kùn wò bóyá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, wo igun ògiri bóyá ó ń hu, kí o sì bá ẹni tó ń kó jáde sọ̀rọ̀ bí o bá rí i. Ẹni tó ń kó jáde kì í bo ilé láṣìírí.

Ìwé àdéhùn ńkọ́? Bí ìwọ àti àwọn mẹ́ta bá jọ fọwọ́ sí ìwé kan ṣoṣo, ó ṣeé ṣe kí gbèsè ẹnì kan di gbèsè gbogbo yín. Bí ẹnì kan bá kó lọ láàárín ọdún, onílé lè ní kí ẹ̀yin mẹ́ta tó kù san ìpín tirẹ̀. Bí ọwọ́ rẹ bá tẹ ìwé tó jẹ́ ti yàrá tìrẹ nìkan, òun ni kí o mú. Wo iye oṣù tó wà nínú rẹ̀ dáadáa, torí ọ̀pọ̀ ilé ń gbowó oṣù 12 nígbà tó jẹ́ pé oṣù mẹ́sàn-án péré lo máa fi wà níbẹ̀.

Wọ́n á tún gba owó kan lọ́wọ́ rẹ tí wọ́n máa dá padà bí o kò bá ba nǹkan jẹ́. Ní England, owó yìí kì í sábà gbọdọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ, onílé sì gbọdọ̀ fi í sábẹ́ ètò ààbò tí ìjọba fọwọ́ sí láàárín ọjọ́ 30. Ní Jámánì, kò gbọdọ̀ ju owó ilé oṣù mẹ́ta lọ láìka owó iná àti ìmóoru mọ́ ọn, o sì lẹ́tọ̀ọ́ láti pín in san lẹ́ẹ̀mẹta. Ní Ontario, owó oṣù tó kẹ́yìn ni onílé lè gbà sílẹ̀. Kò láṣẹ láti gba owó nítorí ohun tó lè bàjẹ́. Ibikíbi tí o bá lọ, ọjọ́ tí o bá wọlé, kí o tó tú ẹrù, ya àwòrán gbogbo ibi tó ti sán tàbí tó ti dọ̀tí, kí o fi ránṣẹ́ sí onílé lórí ímeèlì lọ́jọ́ náà gan-an. Mo pàdánù ìdajì owó tèmi nítorí kápẹ́ẹ̀tì tó ti dọ̀tí kí n tó débẹ̀, torí pé n kò ní ẹ̀rí kankan lọ́wọ́.

Bí wọ́n bá ní kí o mú onídùúró tó ń gbé ní England wá, má bọkàn jẹ́. Àwọn fásitì kan níbẹ̀ máa ń dúró fún akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Ṣáà béèrè.

Ó wá kan iṣẹ́. Òfin físà àwọn ibi mẹ́ta tí o dárúkọ kò bára mu. Ní England, ẹni tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ dìgírì kò gbọdọ̀ ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ bí sáà bá ń lọ lọ́wọ́, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sì ń ka ọ̀sẹ̀ ọ̀hún. O kò tún gbọdọ̀ dá òwò tìrẹ ṣe níbẹ̀. Irun tí o mọ̀ ọ́n dì yẹn, tí o bá ń dì í gbowó, òwò ara rẹ ni wọ́n máa kà á sí, ó sì lè ba físà rẹ jẹ́. Mo mọ̀ pé o ti ń gbèrò rẹ̀, ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nìyẹn. Kánádà fún akẹ́kọ̀ọ́ ní wákàtí 24 lọ́sẹ̀ níta ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, iṣẹ́ inú ọgbà kò sì sí lára iye yẹn. Ọjọ́ ni Jámánì ń kà ní tirẹ̀. Láti oṣù kẹta ọdún 2024, ọjọ́ gbáko 140 lọ́dún ni, tàbí ààbọ̀ ọjọ́ 280.

Jọ̀wọ́, má rò pé o gbọ́dọ̀ lo gbogbo wákàtí tí òfin fún ọ. Wákàtí 12 ni mò ń ṣe báyìí, ó sì tó mi.

Inú ọgbà ni kí o ti kọ́kọ́ wáṣẹ́. Àwọn tó gboyè jáde ti fi àyè sílẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ sì ni àwọn ọ́fíìsì ń wá ẹni tí yóò rọ́pò wọn. Lọ sí ilé ìkàwé, yàrá ìwádìí, ibi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, àti ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò nínú ilé akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀gá inú ọgbà mọ ìgbà tí ìdánwò wà, ọ̀gá ìta kò ní láti mọ̀ ọ́n. Jẹ́ kí ìwé ìtàn iṣẹ́ rẹ jẹ́ ojú ìwé kan, má sì sọ pé o kò ṣiṣẹ́ rí. Ọdún méjì tí o fi bá ẹ̀gbọ́n rẹ ṣírò owó ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ ni.

Ibikíbi tí o bá ti ń ṣiṣẹ́, kọ wákàtí tí o wọlé àti èyí tí o jáde sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan níbí, ọ̀gá rẹ̀ ń gé owó rẹ̀ jẹ díẹ̀díẹ̀. Ìwé kékeré tó ń kọ wákàtí sí ló kó lọ bá àwọn agbẹjọ́rò tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́ nílé-ẹ̀kọ́ wa. Lẹ́tà kan péré ni wọ́n kọ, owó jáde. Má fi ìwé ìrìnnà rẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá kankan. Má sanwó kí wọ́n tó gbà ọ́ síṣẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá fi sọwédowó ránṣẹ́ sí ọ pé kí o gba tìrẹ níbẹ̀ kí o fi ìyókù ránṣẹ́ síbòmíràn, sọwédowó yẹn lè padà já sí ayédèrú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ọwọ́ rẹ sì ni báńkì máa ti gba owó náà. Ẹni tó bá ní kí owó òun gba inú àkáǹtì rẹ kọjá, ẹ̀wọ̀n ló ń fà ọ́ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé wa, tó sì ń pè ọ́ ní àbúrò.

Ibi tí o lè sá sí ló kù, òun gan-an ni mo sì ń bẹ̀ ọ́ lé lórí. Owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ máa san ti kó púpọ̀ nínú rẹ̀ mọ́ra: àwọn tó ń báni tún àròkọ wò, àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn ẹni láìsọ ọ́ síta, àwọn tó ń báni wáṣẹ́, kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń yáni. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí o forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, má dúró di ọjọ́ tí ara bá ń gbóná. Ojú rẹ tó máa ń dùn ọ́ bí o bá pẹ́ nídìí ìwé, sọ ọ́ fún ọ́fíìsì tó ń rí sí irú rẹ̀, kí o sì mú ìwé dókítà dání. Wọ́n lè fún ọ ní àsìkò kún àsìkò nínú ìdánwò, tàbí ìwé ìbéèrè tí lẹ́tà rẹ̀ tóbi. Bí o bá rí i pé owó ilé oṣù tó ń bọ̀ kò ní pé, ìgbà yẹn ni kí o lọ bá wọn, má jẹ́ kí ọjọ́ rẹ̀ kọjá. Bákan náà ni fún iṣẹ́ àṣetiléwá: kọ̀wé sí olùkọ́ kí ọjọ́ tó pé.

Mo mọ̀ ọ́, Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ lo máa ń fún èèyàn ní ti ọwọ́ rẹ, tí o kì í sì í fẹ́ béèrè. Irú ìtìjú yẹn náà ló pa mí lẹ́nu mọ́ fún oṣù méje.

Kí o tó fọwọ́ sí ìwé ilé èyíkéyìí, ya àwòrán gbogbo ojú ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Màá kà á ní alẹ́ ọjọ́ náà, bó ti wù kó pẹ́ tó. Mo máa ń wà nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, pè mí nígbà yẹn, kí o sì sọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ọkàn rẹ fà sí fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́