Àbẹ̀kẹ́, bá mi wo iná airbag yẹn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí o kò pè. Ẹnu àbúrò rẹ ni mo ti gbọ́ pé o ti ra mọ́tò àlòkù, pé kò tíì pé oṣù kan tó ti ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi, àti pé o ní kí ó má sọ fún mi. Ó sọ fún mi. Má bá a jà.

Ara ìyá rẹ le, orúnkún rẹ̀ ti fúyẹ́ díẹ̀. Òrùlé yàrá rẹ ń jò, mo ti kó àwọn ìwé rẹ sábẹ́ ibùsùn wa.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ló gbé mi jókòó. Owó lásán ni ọ́ìlì máa jẹ. Àbúrò rẹ ní o fi yangàn pé kò sí iná kankan tó ń tàn lójú dáṣíbọọ̀dù, pé ojú rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Jọ̀ọ́, kí o tó ka ìyókù, jókòó sínú mọ́tò náà. Yí kọ́kọ́rọ́ débi tí iná dáṣíbọọ̀dù ti ń tàn, má tíì sítáàtì. Tó bá jẹ́ oníbọ́tìnnì ni, máa tẹ̀ ẹ́ láì fẹsẹ̀ kan bíréèkì títí iná dáṣíbọọ̀dù á fi tàn. Wá àwòrán ẹni tó jókòó tí nǹkan roboto wà níwájú rẹ̀. Iná airbag nìyẹn, àpò afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde láti gba ara rẹ bí mọ́tò bá kọlu nǹkan. Ó yẹ kó tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, kó sì kú fúnra rẹ̀. Tó bá tàn tí kò kú, airbag ń ṣàìsàn. Tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kí wọ́n ti fi nǹkan bò ó. Èyí tí mo ń bẹ̀rù jù ni kó tàn, kó máa tàn lọ, kó wá kú pẹ̀lú iná ọ́ìlì àti ti bátìrì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí o bá sítáàtì. Àwọn tó tà á ti so wáyà rẹ̀ mọ́ ti iná méjì yẹn nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì ni iná ọ́ìlì àti ti bátìrì ń dúró dè. Ti airbag kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ta ló tiẹ̀ kọ́ ọ pé kí o lọ ra mọ́tò ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn òjò? Ọ̀dà tó tutù máa ń dán lọ́nà kan náà, ibi tí wọ́n tún kùn kò ní hàn. O sì bá ẹ́ńjìnnì ní gbígbóná. Ṣé o kò fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì ni? Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná ti gbé èéfín àárọ̀ àti ariwo àárọ̀ rẹ̀ mì. Kí ó tutù pátápátá kí o tó sítáàtì ni kí o máa ní kí wọ́n jẹ́. Ẹni tó bá kọ̀, dágbére fún un. Ọ́ìlì tó ki ju èyí tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ lọ náà máa ń pa ariwo rẹ̀ mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Mo mọ̀. Ọwọ́ mi yìí ti rọ ọ́ rí.

Ó dáa, ní ti ọ́ìlì. Gbé mọ́tò sí ilẹ̀ títẹ́jú, pa á, dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ, nù ún, dá a padà sínú ihò rẹ̀, tún fà á yọ. Kún un dé àmì òkè, má kọjá rẹ̀, kí o sì kọ iye kìlómítà sílẹ̀. Tó bá gbà ju lítà kan lọ láàárín kìlómítà 1,000, ó ń jó ọ́ìlì gidi. Bí èéfín aláwọ̀ aró bá tú nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì láàárọ̀, tó sì dáwọ́ dúró, ó sábà máa ń jẹ́ sìlì fáàfù, rọ́bà kékeré tó ń dí ọ́ìlì lórí ẹ́ńjìnnì, owó rẹ̀ ṣeé gbé. Tó bá ń tú bí o ṣe ń tẹná, ríìnsì, òrùka irin ara písítìnì nínú ẹ́ńjìnnì, ni kí o fura sí, wọ́n á tú ẹ́ńjìnnì. Èéfín funfun tí kò tán, tó ń rùn bí nǹkan dídùn, omi rédíétọ̀ ló ń jó. Ṣí ìdérí ibi tí à ń rọ ọ́ìlì sí. Tí abẹ́ rẹ̀ bá hó funfun bí ọṣẹ, pa mọ́tò, kí o pe mẹkáníìkì.

Fa bẹ́líìtì síítì iwájú títí dé ìparí rẹ̀. Ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fọ̀ nìyẹn, ẹrẹ̀ àgbàrá máa ń fi ìlà sílẹ̀ lára rẹ̀. Ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí o fọwọ́ ra irin ẹsẹ̀ síítì, bóyá ó ti dógùn-ún. Tí omi bá ti wọ inú mọ́tò yẹn rí, wáyà airbag wà lábẹ́ síítì náà. Mo tún padà síbẹ̀, àbí? Má bínú.

Wo àwọ̀ ojú sítíárín, ṣé ó bá ti dáṣíbọọ̀dù mu? Má fọwọ́ ara rẹ tú u. Airbag fúnra rẹ̀, ohun tó ń bú gbàù, ló wà níbẹ̀. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á yọ orí bátìrì, á sì dúró kí iná tó kù nínú rẹ̀ tán kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ní kó fi ojú rí airbag náà, torí wọ́n lè fi nǹkan kékeré kan tan kọ̀ǹpútà mọ́tò jẹ, kó máa rò pé ó wà níbẹ̀.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ mọ́tò (VIN), kì í ṣe ti pléètì, èyí tó ní àmì 17, tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, kà á pẹ̀lú ti òpó ilẹ̀kùn àti ti ìwé. Kì í ní I, O tàbí Q nínú. Tó bá yàtọ̀ níbì kan, má tún wà á.

Ní ti àwọn tó tà á, má lọ pariwo lọ́dọ̀ wọn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún un ṣe kó tó wà nínú ìwé: kí mẹkáníìkì tí kì í ṣe tiwọn yẹ̀ ẹ́ wò, kó kọ ohun tó rí, kó fọwọ́ sí i. Ya fọ́tò iye kìlómítà. Kọ lẹ́tà sí wọn pẹ̀lú ọjọ́ lórí rẹ̀, tọ́jú ẹ̀dà. "Bó ṣe wà la ṣe tà á" lè wà nínú ìwé, kó sì dí ọ̀nà púpọ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà bo irọ́ tí wọ́n fi ẹnu ara wọn pa. Tí gbèsè bá wà lórí mọ́tò náà, má dá sísan rẹ̀ dúró tìtorí ìbínú, wọ́n á gbé e lọ ni.

Àbẹ̀kẹ́, ìtìjú ló jẹ́ kí o dákẹ́, mo mọ̀, nítorí pé èmi ni bàbá tó mọ mọ́tò. Ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n ni n kò sọ fún ọ rí. Lára owó ilé-ìwé rẹ, owó mọ́tò tí a pa ẹnu iná rẹ̀ mọ́ wà níbẹ̀. Mo ti so wáyà airbag kan mọ́ ti ọ́ìlì rí, ọ̀gá ní kí n ṣe é, mo sì ṣe é. N kò mọ ẹni tó rà á.

Bí o bá ti yí kọ́kọ́rọ́ yẹn, pè mí. Má pe àbúrò rẹ. Èmi ni kí o pè.

Bàbá rẹ